ÒKÈ DALA KÒ JÌNNÀ SÍ ENUGU ROAD

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sójú ewé yìí lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ òkè ni.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mú àbá kan wá pé kí ẹ̀ka wa kó àwọn ọmọ wa lọ gun Òkè Dala ní àárọ̀ Sátidé kan, kí wọ́n rí ìlú Kánò láti òkè, kí wọ́n sì gba inú ìlú àtijọ́ yí po padà sílé. Ariwo pọ̀ lórí àbá náà. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìgbafẹ́. Àwọn kan ní ewu ń bẹ. Àwọn mìíràn béèrè pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá lórí òkè Hausa. A kò fẹnu kò kí ilẹ̀ tó ṣú, a sì sún ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tí ń bọ̀. Kí a tó tún pàdé, ó yẹ kí ìwé ìròyìn yìí sọ ibi tí ó dúró sí. Àwa fara mọ́ ọn pé kí wọ́n lọ, kí àwọn òbí náà sì bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì tí a ń gbé. Enugu Road ni a ti ń ṣe ìpàdé. Àwọn Ìgbò tí wọ́n ni orúkọ náà mọ̀ pé ìtumọ̀ Enugu ni orí òkè. Abẹ́òkúta Road náà wà ní Sabon Gari yìí, gbogbo wa ni a sì mọ ìtumọ̀ tirẹ̀. Orí òkè wà lọ́dọ̀ wa, abẹ́ òkúta wà lọ́dọ̀ wa, òkè àti òkúta gan-an ni kò sí. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí omi kì í fi í mọ ibi tí yóò ṣàn gbà bí òjò bá rọ̀. Àwọn ọmọ wa ń pe Aba Road, Freetown Street, Gold Coast Road àti Zungeru Road lójoojúmọ́, títì lásán ni wọ́n sì jẹ́ létí wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Dala rí. Bí ẹ bá bi ọmọ Sabon Gari pé kí ni Dala, yóò ní ilé ìwòsàn àwọn tí egungun wọn ṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ń jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ òkè ni orúkọ náà ti wá, òkè náà ni ó sì bí ìlú Kánò.

Ìwé ìtàn àwọn ọba Kánò, èyí tí òyìnbó H. R. Palmer túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a sì tẹ̀ jáde ní 1908, sọ pé ẹnì kan tí ó ń jẹ́ Dala ni ó kọ́kọ́ kọ́lé sórí òkè náà. Láti ìran rẹ̀ ni Barbushe ti wá, ẹni tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ń bọ Tsumburbura. Orí òkè ni Barbushe ń gbé. Kì í sọ̀kalẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọjọ́ ẹbọ, tí gbogbo ènìyàn yóò ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn wá láti gbọ́ ohun tí ọdún yóò mú wá. Ìwé náà ní ó ń fi igi pa erin, ó sì ń gbé e sórí rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á gbọ́ kí ó gbà á gbọ́. Àwa tí a ní ìtàn Tìmì àti Gbọ̀nkáà kò ní fi ìtàn ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wà nídìí òkè náà láyé àtijọ́. Irin ni ó pa òkúta rẹ̀ láwọ̀ dà pupa, ibi tí irin bá sì wà ni ọkọ́ àti ọfà ń wà, níbẹ̀ náà ni ọjà ń wà. Nígbà tí Bagauda dé ní 999, tí ìjọba àwọn ọba Kánò fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Dala ti wà níbẹ̀. Sarki Gijimasu, tí ó jọba láti 1095 sí 1134, ni ó bẹ̀rẹ̀ odi ìlú. Muhammad Rumfa, tí ó jọba láti 1463 sí 1499, kọ́ ààfin tí Ẹ́míà ń gbé títí di òní, òun náà ni ó sì dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń bẹ lójú ẹni tí ó bá dúró lórí Dala. Ní oṣù Kejì 1851, ará Jámánì kan tí ó ń jẹ́ Heinrich Barth rin aṣálẹ̀ já dé Kánò. Ó gun òkè yìí, ó sì ya àwòrán ìlú láti orí rẹ̀. Ó fojú díwọ̀n rẹ̀ pé 30,000 ènìyàn ni ń gbé inú ìlú nígbà náà. Ẹni tí ó ti ìlú òkèèrè wá mọ̀ pé bí òun bá fẹ́ mọ Kánò, kí òun gun Dala. Àwa tí a ti bí ọmọ bí ọmọ-ọmọ síhìn-ín ńkọ́?

Àwọn kan nínú wa ti gùn ún. Òkè náà kì í ṣe òkè gíga bí a bá fi wé tiwa nílé. Orí rẹ̀ ga tó mítà 534 láti ojú òkun, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kánò fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ 480, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ yóò gùn kò ju nǹkan bí àádọ́ta mítà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó dúró ṣánṣán, oòrùn kì í dá ẹnikẹ́ni sí níbẹ̀, àwa tí a sì ń jókòó sí ìsọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, orúnkún wa yóò jẹ́rìí. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀, tí ó ń simi lójú ọ̀nà, yóò dé orí rẹ̀ láìsí wàhálà.

Orí òkè náà tẹ́, ènìyàn lè rìn yí etí rẹ̀ po. Bí ẹ bá kọjú sí gúúsù, ẹ ó rí inú ìlú àtijọ́, òrùlé páànù tí ó ti gba ipò òrùlé amọ̀ ní ibi púpọ̀, ilé gogoro mọ́sálásí, àti ìhà ibi tí ààfin wà. Bí ẹ bá yí sí apá ìwọ̀ oòrùn, ẹ ó rí Goron Dutse, òkè kejì tí ó wà nínú odi Kánò. Bí ẹ bá sì wá yí ojú sí ìlà oòrùn, lẹ́yìn ibi tí odi ìlú gbà kọjá, ẹ ó rí Sabon Gari wa. Yóò yà yín lẹ́nu bí ó ti kéré tó. Gbogbo ibi tí a ti ń jà nítorí ojúùlé ìsọ̀, tí a ti ń du ipò alága, tí a ti ń ṣe ìyàwó tí a ti ń sin òkú, ìpẹ́ kan péré ni lára ẹja ńlá. Ó dára kí ènìyàn rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀.

A tún ní ohun mìíràn láti rí níbẹ̀. Ní inú odi ìlú náà, àdúgbò kan wà tí a ń pè ní Ayagi. Àwọn Yorùbá Mùsùlùmí ni ó tẹ̀ ẹ́ dó, kí réluwè tó dé Kánò ní nǹkan bí 1911, kí ìjọba òyìnbó tó la Sabon Gari sílẹ̀ ní 1913. Hausa ni àwọn ọmọ wọn ń sọ lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ orísun wọn. A ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa pé réluwè ni ó gbé Yorùbá dé Kánò. Kì í ṣe gbogbo ìtàn nìyẹn. Nígbà tí ọmọ bá dúró lórí òkè, tí a nawọ́ sí ìhà ibi tí Ayagi wà, yóò mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun kì í ṣe àlejò àná nìkan ní ìlú yìí.

Ní ti àwọn tí ó béèrè ohun tí Yorùbá ń wá lórí òkè, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gbàgbé ilé. Ta ni ó mọ òkè ju Yorùbá lọ? Abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní 1830 nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibẹ̀, òkúta náà sì di ìlú. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè wọn títí di nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ààfin àtijọ́ sì wà lókè síbẹ̀. Ní Adó-Àwáyè, adágún omi Ìyákẹ́ wà lórí òkè gan-an. Ìbàdàn ń ṣe ọdún Òkè'bàdàn títí di òní nítorí òkè gba àwọn baba wọn là. Òkè ni odi wa kí a tó ní odi. Nítorí náà, nígbà tí ará Kánò bá sọ pé Dala ni ìyá ìlú òun, àwa ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà yé jù lọ.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà kejì. Ní Ìbàdàn, láti 1916 ni a ti ní Sábó, níbi tí àwọn Hausa ń gbé. Sábó tiwọn lọ́dọ̀ wa ni Sabon Gari tiwa lọ́dọ̀ wọn. Bí Hausa ará Sábó kan bá mú ọmọ rẹ̀ gun òkè Mápó, tí ó sì ń ṣàlàyé fún un pé ọ̀hún ni Bẹẹrẹ, ọ̀hún ni Ọjà'ba, kí ni ẹ̀yin ará Ìbàdàn yóò ṣe? Ẹ ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ ó ní, “Mọ́lẹ̀bí ni ìyẹn.” Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé Sábó fún ogójì ọdún tí kò mọ̀ ju títì Sábó lọ, ẹ ó ní owó wa nìkan ni ó bá wá. Ohun tí ó dára fún wa láti rí lára àlejò, òun ni kí àwa náà ṣe nígbà tí a bá jẹ́ àlejò.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ akápò wa tọ̀nà pé owó ìsìnkú àti owó ìrànlọ́wọ́ fún aláìsàn kò gbọdọ̀ dín. Àwa kò béèrè kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Òkè kì í gba owó ìwọlé bí ilé sinimá. Kí òbí kọ̀ọ̀kan san owó kẹ̀kẹ́ Adaidaita Sahu fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, kí ó sì gbé omi àti oúnjẹ tirẹ̀. Ohun kan tí ẹgbẹ́ yóò ṣe ni ẹ̀bùn fún ẹni tí yóò ṣe amọ̀nà. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún àpò wa, kí àwa tí a fara mọ́ àbá náà dá a láàárín ara wa.

Ní ti ewu, àwa kò ní bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò sí ilé kan ní Enugu Road tí kò ní ìtàn. Àwọn bàbá wa rí rògbòdìyàn oṣù Karùn-ún 1953. Àwọn aládùúgbò wa Ìgbò rí ti 1966, èyí tí ó pọ̀ ju ẹnu lọ. A rí ti oṣù Kẹwàá 1991, a rí ti oṣù Karùn-ún 2004, bọ́ǹbù sì bú ní Sabon Gari yìí ní oṣù Keje 2013. Ẹni tí ìgbà wọ̀nyẹn bá gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, a kò ní sọ fún un pé ẹ̀rù kò yẹ kí ó bà á. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní parọ́ pé gígun òkè yóò dá rògbòdìyàn dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n yè ọjọ́ wọ̀nyẹn bí wọ́n ti ṣe yè. Lẹ́yìn Ọlọ́run, púpọ̀ nínú wọn yóò dárúkọ ènìyàn kan fún yín: oníbàárà tí ó tì wọ́n mọ́ yàrá ìyàwó rẹ̀, aládùúgbò tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ní kò sí àlejò nílé òun, awakọ̀ tí ó fi àpò ọkà bò wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gba ẹni tí kò mọ̀ rí là nítorí orúkọ ẹ̀yà. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbà là. Ìmọ̀ràn àwọn tí ó ní kí a má kúrò ní Sabon Gari ni pé kí a mọ ènìyàn díẹ̀. Àwa ní kí a mọ ènìyàn púpọ̀. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ọmọ tí kò bá sì wọ inú ìlú rí, ojú ta ni yóò mọ̀ níbẹ̀?

Àwọn ọmọ wa yìí ni ọ̀rọ̀ náà ká wa lára jù. Bí wọ́n bá lọ sílé fún Kérésìmesì tàbí Iléyá, àwọn ọmọ ìyá wọn a máa pè wọ́n ní ará Òkè Ọya, wọn a máa fi ohùn Yorùbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá padà dé Kánò, a máa pè wọ́n ní àlejò. Nílé wọn kò mọ òkè baba wọn, níhìn-ín wọn kò mọ òkè tí ó bí ìlú tí a bí wọn sí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà bí ẹrù tí ó wà ní ibùdókọ̀, tí kò tíì dé ibi tí ó ń lọ, tí kò sì sí níbi tí ó ti wá mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ Dala kí wọ́n tó mọ Olúmọ. Ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti ń wo ìlú láti òkè yóò béèrè ti ilé fúnra rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí, ń kùn pé òkè òrìṣà ni. Àwọn ará Kánò ti gba Ìsìláàmù láti ayé Sarki Yaji, ẹni tí ó jọba láti 1349 sí 1385, wọn kò sì tìtorí ìtàn Tsumburbura wó òkè wọn. Àwa kò lọ bọ ohunkóhun, ojú ni a fẹ́ lọ là.

Báyìí ni a rò pé kí ìrìn náà rí. Kí ó jẹ́ Sátidé kan ní oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ kò sì tíì le. Bí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, a ó gun òkè lásán ni, a kò ní rí nǹkankan. Ní oṣù Kẹrin sì rèé, oòrùn lè dá àgbàlagbà dùbúlẹ̀. Kí a pé jọ ní Enugu Road ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí a gba Kofar Mazugal wọlé. Kí a kọ́kọ́ kí mai unguwa, baálẹ̀ àdúgbò ibẹ̀. Kí akọ̀wé sì ti lọ rí i ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ó tọrọ amọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ tí yóò sọ ìtàn fún àwọn ọmọ ní Hausa. Kí a gun òkè kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn náà kí a sọ̀kalẹ̀ gba ọjà Kurmi, kí a ti ibẹ̀ lọ sí kòtò aró tí ó wà ní Kofar Mata, èyí tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Ẹ̀yin ìyá aláàdìrẹ, ẹ ó rí ohun tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín níbẹ̀: ọkùnrin ni aláró Kánò, inú kòtò ni wọ́n sì ti ń rẹ aṣọ, kì í ṣe inú ìkòkò. Ṣùgbọ́n èlú náà ni wọ́n ń lò, eérú náà ni wọ́n ń lò. Láti Kofar Mata, ọ̀nà Sabon Gari kò jìn mọ́. Kí a ti dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán.

Ẹni tí yóò bá lọ, kí ó wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Kí àwọn obìnrin wa wọṣọ bí ẹni tí ń lọ sí ilé àna. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ọtí, kí ẹnikẹ́ni má lu ìlù nítòsí mọ́sálásí. Kí a má ya fọ́tò obìnrin tàbí àgbàlagbà láìgba àṣẹ. Ọ̀rá omi tí a bá mu, kí a kó o padà. Kí a má wú òkúta rẹ̀ mú relé, kí a má sì kọ orúkọ sára rẹ̀. Kí a kí gbogbo ẹni tí a bá pàdé kí wọ́n tó kí wa, nítorí àlejò ni í kọ́kọ́ kí onílé. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí ọkàn ń dà láàmú, kí ó dúró sídìí òkè, kí ó máa bá wa ṣọ́ ẹrù.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ ó na ọwọ́ sókè lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹni tí kò bá fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, a ó gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jìn. Lórí kẹ̀kẹ́, láti Enugu Road dé ẹsẹ̀ Òkè Dala kò tó àkókò tí a fi ń dúró de ara wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ wọn lọ, kí wọ́n mú orúkọ wá fún akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa le. Àmín.